OMI ÌDỌ̀TÍ TÍ KÒ LỌ MỌ́: Bí A Ṣe Lè Tètè Mọ̀ Pé Ọ̀nà Omi Ilé Wa Ń Dí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé ìròyìn oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé tàbí ti owó ìdókòwò. Ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí yín lára, nítorí owó náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa ń já sí nígbẹ̀yìn.

Nígbà ìpàdé wa tó kọjá, ìyá kan nínú wa dìde, wọ́n sì tọrọ ẹ̀yáwó pàjáwìrì. Àpò gàrí mẹ́fà àti àpò ẹ̀wà mẹ́rin ni omi bà jẹ́ fún wọn ní ìsọ̀. Kì í ṣe àgbàrá òjò ló wọlé o. Ojú ihò balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ ni omi dúdú gbà yọ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìdí àwọn àpò náà ti rin gbindin. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ mọ̀ pé bí omi ẹ̀gbin bá ti kan ẹ̀wà, kò sí bí a ṣe lè sá a tí yóò tún ṣeé tà fún ọmọ ènìyàn. Nígbà tí púlọ́ńbà tú páìpù, ohun tó bá níbẹ̀ kò ju okùn kàn-ìn-kàn-ìn tó wé mọ́ ọ̀rá dídì, ó funfun bí òrí. Bùkà tó wà nínú ọgbà kan náà ni ọ̀rá yẹn ti ń wá, ó sì ti lé lọ́dún kan. Ìyá náà fi ẹnu ara wọn sọ fún wa pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí omi balùwẹ̀ ọ̀hún kì í tètè lọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn rò pé kò le.

"Kò le" yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Páìpù kì í ṣàdédé dí lọ́jọ́ kan, àfi bí ọmọdé bá ju nǹkan sí i. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dí. Ẹ wo epo pupa inú ìgò ní àsìkò ọyẹ́, bó ṣe máa ń dì gbagidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá tí a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ kúrò lára ìkòkò ọbẹ̀. Bó ti ń kúrò nínú sínkì, ó ṣì gbóná, ó ń ṣàn wọ́rọ́wọ́rọ́. Bó bá rìn díẹ̀ nínú páìpù tó wà nínú ilẹ̀ tútù, á dì, á sì lẹ̀ mọ́ ara páìpù. Ti òní á lẹ̀ mọ́ ti àná. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 2 á wá di ínǹṣì 1, nígbà tó bá yá á ku bí ìka ọwọ́. Ìgbà náà ni èérún ìrẹsì àti èèpo ẹ̀wà tó ti ń kọjá láti ọjọ́ yìí wá kò ní rí ọ̀nà mọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọṣẹ dúdú, ẹ óò tètè lóye apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé bí omi eérú bá pàdé epo tàbí àdín, ọṣẹ ni yóò dà. Nínú páìpù, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ tí kò wúlò ni. Bí omi ilé bá jẹ́ omi kànga líle, irú èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ohun tó wà nínú omi náà àti ọ̀rá á di nǹkan funfun kan tó le, tí omi lásán kò lè fọ̀ kúrò. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ló wà. Ní ọdún 2017, ní àdúgbò Whitechapel ní London, àwọn òṣìṣẹ́ bá irú ọ̀rá dídì bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀nà omi ẹ̀gbin lábẹ́ títì. Gígùn rẹ̀ tó mítà 250, ìwúwo rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 130. Ọ̀rá ìdáná àti aṣọ ìnudí ọmọ tí wọ́n ń jù sínú ṣáláńgá olómi ló para pọ̀ dì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi gé e. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbé díẹ̀ lára rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí àwọn ènìyàn máa wá wò ó. Òyìnbó mà ń ṣe nǹkan o.

Ọ̀rá nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Èlùbọ́ àti ògì a máa wú, wọ́n a sì máa lẹ̀ bíi sítáàṣì tí a fi ń lọ aṣọ. Nítorí náà, eèrí ògì àti èérún àmàlà tó gbẹ mọ́ ìkòkò kò gbọdọ̀ gba ojú sínkì kọjá. Ní balùwẹ̀, irun orí ni, okùn kàn-ìn-kàn-ìn ni, àti iyanrìn ẹsẹ̀. Ẹ̀yin onídìrí, irun àtàáṣì kì í jẹrà láéláé. Bí ẹ bá gbá a sí ihò omi lónìí, ibẹ̀ náà ni ẹ óò ti bá a ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Báwo la ṣe lè mọ̀ kí ó tó di ariwo? Àmì àkọ́kọ́ ni pé omi á máa pẹ́ lórí ilẹ̀ balùwẹ̀ tàbí nínú sínkì. Ẹ da omi ìgò kan sí i, kí ẹ sì wò ó. Bí ó bá dúró, tó ń yí pooyi pẹ́ títí kó tó lọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmì kejì ni ìró. Bí páìpù bá ń gbé omi mì pẹ̀lú ariwo gbugbugbu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà gbà. Nǹkan ti dí i lọ́nà, tàbí páìpù afẹ́fẹ́ tó yẹ kó yọrí lókè òrùlé ti dí tàbí kò tilẹ̀ sí rárá. Òórùn ni àmì kẹta, a óò padà sórí èyí. Àmì kẹrin ló burú jù, òun náà ló bá ìyá wa yìí: ẹ da omi níhìn-ín, ó sì ń yọ lọ́hùn-ún. Bí ẹnì kan bá ń fọ àwo ní ilé ìdáná tí omi sì ń sun lójú ihò balùwẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti sínkì. Ojú ihò balùwẹ̀ ló máa ń rẹlẹ̀ jù nínú ilé, ibẹ̀ ni omi tí kò rí ọ̀nà lọ yóò kọ́kọ́ gbà yọ. Kí ẹni tó bá rí àmì yìí kó ọjà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ó má dúró de púlọ́ńbà.

Ní ti òórùn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan tó máa gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán. Lábẹ́ gbogbo sínkì àti ihò balùwẹ̀ tí a ṣe dáadáa, páìpù kan wà tó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrùn lékeléke. Tíráàpù ni àwọn púlọ́ńbà ń pè é. Omi tó jìn tó ínǹṣì 2 sí 3 máa ń jókòó sínú kọdọrọ yẹn nígbà gbogbo, òun ló ń sé òórùn àti aáyán mọ́ inú páìpù. Bí a bá ti yàrá kan pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà á gbẹ, òórùn á sì bo gbogbo ilé. Kò sí ohun tó dí. Ẹ da omi ìgò méjì sí i, kí ẹ sì dúró títí di ọjọ́ kejì. Bí òórùn bá lọ, ẹ ti fi owó púlọ́ńbà sápò nìyẹn. Bí kò bá lọ, ẹ pè é.

Ohun tó kàn ni pé kí a mọ ibi tó dí gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé sínkì kan ṣoṣo ni kò lọ, tí gbogbo ìyókù ń lọ, ìdí sínkì yẹn ló wà, ẹ sì lè ṣe é fúnra yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ ń pẹ́, páìpù ńlá ni, tàbí kí sókàwéè ti kún. Ẹ lọ ṣí kòtò kékeré onídèérí tó wà láàárín ilé àti sókàwéè. Bí kòtò yẹn bá gbẹ, tí omi kò sì lọ nínú ilé, àárín ilé àti kòtò ló dí. Bí ó bá kún dẹ́nu, iwájú ló dí, lápá sókàwéè. Ẹni tó bá mọ èyí kí púlọ́ńbà tó dé, kò sí ẹni tó máa hú gbogbo ilẹ̀ ilé rẹ̀ tán kó tó sọ pé òun kò rí nǹkan kan.

Fún sínkì tàbí ihò kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ̀ lẹ́nu bí ìwọ̀ ẹja fa irun àti okùn jáde. Ẹ má ṣe tì í wọlé, ẹ fà á jáde ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá rọ́bà olórí bí ife tó ní igi lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí omi bo orí rọ́bà náà, ẹ fi àkísà tútù dí ihò mìíràn tó bá so mọ́ ọn, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fà á, ní ìgbà 15 sí 20. Bí kò bá lọ síbẹ̀, ẹ gbé garawa sábẹ́ tíráàpù kí ẹ tú u. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ óò bá ṣíbí tí ẹ ti ń wá láti ọjọ́ Kérésì níbẹ̀. Omi gbígbóná dára fún ọ̀rá tuntun, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ omi tó ń hó yaya. Páìpù rọ́bà tí a ń lò lóde òní a máa rọ̀ bí ooru bá pọ̀ jù, oríkèé rẹ̀ á sì tú.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé òun ni oògùn gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́ ni kọ́sítíìkì ń jẹ ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ọṣẹ dúdú: bí ó bá jẹ ọ̀rá, ọṣẹ ló ń dà, bí ọṣẹ yẹn kò bá sì rí omi púpọ̀ gbé e lọ, iwájú díẹ̀ ni yóò tún dì sí. Ibi tí ọwọ́ yín kò lè dé mọ́ ni yóò sì jẹ́. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ojú àti ara yín. Bí a bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á hó lójijì, á sì ta sí ojú ẹni. Kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi máa ṣan ojú náà fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má ṣe fi epo tàbí oògùn ìbílẹ̀ kankan sí i. Bí ẹ bá sì ti da kọ́sítíìkì sí páìpù tí kò lọ, ẹ sọ fún púlọ́ńbà kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀mí ènìyàn ni. Bákan náà, àwọn kan máa ń da omi bátìrì sí ṣáláńgá, wọ́n a tún da omi tí a fi ń sọ aṣọ funfun lé e. Nǹkan méjèèjì yẹn, bí wọ́n bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn nínú balùwẹ̀ kékeré.

Láti dènà rẹ̀, owó kékeré ló ń gbà. Asẹ́ kékeré lójú sínkì àti lójú ihò balùwẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Kí a fi bébà ìwé ìròyìn tó ti gbó nu ọ̀rá kúrò nínú ìkòkò àti agbada kí a tó fọ̀ ọ́, kí a sì ju bébà náà sí ààtàn. (Kì í ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa o!) Òróró àkàrà tó ti dúdú, inú agolo ni kí a dà á sí títí yóò fi dì. Ẹ̀yin ọlọ́jà oúnjẹ tí ẹ ń fọ ọgọ́rùn-ún àwo lójúmọ́, asẹ́ nìkan kò tó yín. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà mọ kòtò kékeré kan síta, kí omi ìfọwo kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Omi yóò sinmi níbẹ̀, á tutù, ọ̀rá á léfòó sókè, omi á sì máa gba páìpù tí ẹnu rẹ̀ rì sísàlẹ̀ jáde. Ẹ óò máa bu ọ̀rá orí rẹ̀ dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ká ní bùkà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ní irú kòtò yìí, ẹ̀wà ìyá wa kò ní bà jẹ́.

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, kí ó dúró ti àwọn tó ń tẹ́ páìpù. Páìpù oní-ínǹṣì 4 gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ní ínǹṣì 3 bó bá rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí ó bá tẹ́jú, omi á máa sùn nínú rẹ̀, ẹ̀gbin á sì jókòó. Ẹ kó o sí ojúlówó ìdagẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e.

Ní ti sókàwéè àti táǹkì rẹ̀, kò yẹ kí a dúró títí yóò fi kún kí a tó pe ọkọ̀ agbégbẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń fi fún ilé tí èrò inú rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ilé oníyàrá méjìlá tí ọgbọ̀n ènìyàn ń gbé kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ní àsìkò òjò, omi inú ilẹ̀ a máa ga sókè, sókàwéè kì í sì rí ibi da omi tirẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ilé tó ń lọ dáadáa ní oṣù Kejì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu ní oṣù Keje. Kí kànga sì jìnnà sí i, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 100. Bí sókàwéè bá ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì kò jìnnà sí ilé náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú táǹkì tàbí sókàwéè láti lọ yọ ohun tó dí i. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì máa ń kọ́kọ́ pa imú kí ẹni náà má gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá ṣubú sínú rẹ̀, ẹni tó bá sáré wọlé láti yọ ọ́ lè kú tẹ̀ lé e. Irú rẹ̀ ti pa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ibi púpọ̀. Ìta ni kí a ti fi okùn fà á, kí a sì ké sí àwọn panápaná.

Gọ́tà iwájú ìsọ̀ wa ńkọ́? Àwa ọlọ́jà, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Ilẹ̀ tí a gbá láàárọ̀, ibo là ń gbá a sí? Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ìlú Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún ṣe irú rẹ̀ ní ìlú kan náà. Òjò àrọ̀ìrọ̀dá ló fà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààtàn tí a dà sí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí ọ̀nà omi ni kò jẹ́ kí omi rí ibi gbà. Ní 1980, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kò tíì sí rárá. Ẹ wo iye tó wà nínú gọ́tà yín lónìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Nínú ìjà ti ìyá wa yìí, onílé ní ayálégbé ló dí i, ayálégbé ní páìpù ti gbó, oníbùkà sì ní òun kò gbé níbẹ̀, òun kàn ń tajà ni. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e ní ìgbà méjì. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí onílé san owó páìpù àti ti bíríkìlà, nítorí ilé rẹ̀ ni. Oníbùkà ni yóò san owó kòtò ọ̀rá, gbogbo ayálégbé yóò sì pín owó iṣẹ́ púlọ́ńbà dọ́gba. Inú onílé kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó san án. Ní tèmi, ó yẹ kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé kí omi tó yọ, nítorí lẹ́yìn tó bá ti yọ, kò sí ẹni tó máa rántí ẹni tó ju kàn-ìn-kàn-ìn. Ìyá wa rí ẹ̀yáwó náà gbà, oṣù mẹ́wàá ni wọn yóò fi san án padà.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìgbìmọ̀ ti ra okùn irin gígùn kan, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà máa ń yí wọ inú páìpù. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ni gígùn rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ akápò. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lò ó lè yá a fún ọjọ́ méjì láìsan kọ́bọ̀, kí ó ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Akápò sì ní kí a bá òun sọ fún yín pé kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó dá a padà, nítorí inú ilé òun ni òun ń gbé e sí.